Èbu Tí A Ń Sìn Bí Ẹran Ọ̀sìn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ọ̀nà oko jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìgbà òjò, kò ní ṣàì kọjá lára ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe gàrí, imú rẹ̀ yóò sì ti sọ fún un kí ojú rẹ̀ tó rí i. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ni. Ti òní wà lórí ti àná, ti àná wà lórí ti ìjẹta, omi dúdú ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ wọ inú koríko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, a ó ti iná bọ̀ ọ́, èéfín rẹ̀ a sì bo gbogbo abà. Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń kọjá níbẹ̀ tí mo ń fi ọwọ́ bo imú, nígbà tí mo bá ń lọ sí àwọn ìjọ kéékèèké tí ń bẹ ní oko, n kò sì ka òkìtì náà sí ohun kan ju ìdọ̀tí lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan òjò ká mi mọ́ ọ̀nà, mo yà sí abẹ́ àtíbàbà àwọn obìnrin wọ̀nyí, ọ̀kan nínú wọn, tí ó jẹ́ ìyá àgbà nínú ìjọ wa, sì fi igi tú òkìtì náà fún mi wò. Inú rẹ̀ funfun báláú, bí ẹni pé ènìyàn da òwú gbígbọ̀n sí i. Ó wí pé, “Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, èbu yìí, ṣé ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́, tàbí yóò pa á?” N kò mọ èsì. Mo sọ fún un pé n ó wádìí. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni ìwádìí náà, ó sì gùn ju bí mo ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí èbu í ṣe. Èbu, olú, àti ìwúkàrà tí a fi ń mú ìyẹ̀fun wú, ìdílé kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ewéko, nítorí wọn kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹranko. Olú tí a ń já ní ìdí igi jíjẹrà, èso lásán ni. Ara rẹ̀ gan-an ni okùn funfun tín-ín-rín tí ó ta kiri nínú igi náà, tí ojú wa kì í kíyèsí. Okùn yìí kò ní ẹnu, kò ní ikùn. Báwo ni ó ti ń jẹun? Láti ṣóńṣó orí rẹ̀ ni ó ti ń tu ohun kan sára ohun tí ó fẹ́ jẹ. Ohun náà a sọ oúnjẹ líle di omi, okùn a sì fà á mu. Oúnjẹ ti àwa ènìyàn a wọ inú kí ó tó dà. Ti èbu a dà ní ìta kí ó tó wọ inú. Ohun tí ó ń tu jáde yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáímù. Ọ̀kan wà tí ń tú sítáàṣì, ọ̀kan wà fún ọ̀rá, ọ̀kan fún amúaradàgbà, ọ̀kan fún igi àti òwú. Itọ́ ẹnu tiwa náà ní ọ̀kan: ẹni tí ó bá jẹ iṣu sísè tí ó pẹ́ lẹ́nu kí ó tó gbé e mì, yóò rí i pé ó ń dùn sí i, nítorí ẹ́ńsáímù inú itọ́ ti ń sọ sítáàṣì di ṣúgà.

Nítorí náà èrè méjì ni àwọn ènìyàn ń wá lára èbu: ara rẹ̀ fún jíjẹ, nítorí amúaradàgbà pọ̀ nínú rẹ̀, àti itọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́. Méjèèjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ti jíjẹ ni ó ká mi lára jù.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1933, obìnrin oníṣègùn kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ń mú àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú: ẹsẹ̀ wọn a wú, irun wọn a pọ́n, awọ ara wọn a máa bó, wọn kò sì ní í fẹ́ ṣeré mọ́. Ní ọdún 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gá fi ń pè é, kwashiorkor, tí ó túmọ̀ sí àrùn tí ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ẹ̀kọ àgbàdo lásán ni a fi já wọn. Ìtòsí wa náà ni wọ́n ti bá irú ìyà bẹ́ẹ̀ jà. Ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, Dókítà David Morley bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1956. Ó ṣí ibi ìtọ́jú sí Imẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, ó ń wọn ìwúwo wọn, ó sì ń fa ìlà rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sí ilé. Káàdì Imẹ̀sí-Ilé yẹn ni irú rẹ̀ tàn ká gbogbo ayé lẹ́yìn náà. Wesley Guild wà lónìí lábẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ìsinsìnyí sọ pé ohun tí ń fa kwashiorkor ju àìtó amúaradàgbà nìkan lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé kí o fi gàrí lásán tọ́ ọmọ. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, amúaradàgbà kò ju bí ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 lọ. Nàìjíríà ni ó sì ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo ayé. Ohun tí a ní ní ànító ni èyí tí kò tó fún ọmọ.

Àwọn ìyá wa ti ń sin àwọn ohun abẹ̀mí kékeré láti ayébáyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pè é ní ọ̀sìn. Ẹni tí ó rin ẹ̀gẹ́, tí ó dì í sínú àpò, tí ó gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti kọ́ ilé fún wọn. Ní ọdún 1959, Collard àti Levi kọ ọ́ sínú ìwé ìròhìn Nature pé ìpele méjì ni ẹ̀gẹ́ gàrí fi ń kan: bakitéríà ni ó kọ́kọ́ ń sọ ọ́ di kíkan, lẹ́yìn náà ni èbu kan tí ń jẹ́ Geotrichum candidum a wọlé, tí yóò sì fún gàrí ní òórùn àti adùn rẹ̀. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn tún ọ̀rọ̀ náà ṣe; wọ́n fi hàn pé ẹ́ńsáímù tí ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, tí ó ń tú sílẹ̀ nígbà tí a bá rin ín, ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ títú májèlé rẹ̀ ká. Àkókò ni ó sì ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí ọjọ́ kan nítorí pé ọjà ń pè yín, ẹ gbọ́ èyí.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá bi ara wọn ni pé: bí a kò bá fi í sílẹ̀ fún èbu tí ó bá kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n tí a yan èbu tí a mọ̀, tí a gbìn ín sínú ẹ̀gẹ́ bí ẹni gbin irúgbìn, ṣé amúaradàgbà rẹ̀ kò ní í pọ̀ sí i? Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, G. Oboh àti A. A. Akindahunsi dán an wò pẹ̀lú ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Amúaradàgbà ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ náà dé ìdá 10.9 nínú 100, ti gàrí sì dé 6.3. Àwọn ará Àkúrẹ́ yìí kan náà ti dán èbu dúdú tí ń jẹ́ Aspergillus niger wò ṣáájú, òun náà sì ṣe dáradára. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, A. Lateef, J. K. Oloke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbìn èbu Rhizopus stolonifer sí èèpo ẹ̀gẹ́, sí èèpo kòkó, àti sí ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a fún àdín kúrò lára ẹkùrọ́. Ìwé tí wọ́n kọ ní ọdún 2008 sọ pé amúaradàgbà gbogbo wọn lọ sókè. Ẹ ro èèpo kòkó wò, ẹ̀yin ará Ifẹ̀! Nínú oko kòkó wa, lẹ́yìn tí a bá ti la kòkó tí a sì ti kó kóró rẹ̀ lọ, èèpo yìí ni a ń fi sílẹ̀ ní ìdí igi kí ó máa jẹrà, tí àrùn kòkó a sì máa ti ara rẹ̀ gun igi padà.

Níbí mo gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ òǹkàwé dúró díẹ̀. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé bá wọn amúaradàgbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé náítírójìn ni ó wọ̀n, tí ó sì fi ìṣirò sọ ọ́ di amúaradàgbà. Kì í ṣe gbogbo náítírójìn ni ó jẹ́ oúnjẹ. Bákan náà, nígbà tí èbu bá ń jẹ sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́, apá kan a di afẹ́fẹ́ a sì fò lọ, ìyókù a wá dà bí ẹni pé amúaradàgbà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi kò sọ pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe òótọ́, nítorí òótọ́ ni. Mo kàn ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ẹ̀wà inú àká rẹ̀ nítorí gàrí oníwúkàrà.

Nínú ìlú wa pàápàá, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1986, nígbà tí yunifásítì wa ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, S. K. Layokun, B. O. Solomon àti àwọn méjì mìíràn tẹ ìwádìí kan jáde lórí omi èso kajú, bí a ti lè lò ó láti fi bọ́ ohun abẹ̀mí kékeré fún amúaradàgbà. Ẹ mọ kajú: kóró rẹ̀ nìkan ni oníṣòwò ń wá, èso aláwọ̀ pupa àti ìyeyè náà a máa rà sílẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a sì fi ju ara wọn. Ní ọdún 2013 ẹ̀wẹ̀, E. Betiku àti O. A. Adesina láti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Ifẹ̀ fi sítáàṣì ọ̀dùnkún bọ́ Aspergillus niger, kì í ṣe nítorí amúaradàgbà, bí kò ṣe nítorí ásíìdì sítíríìkì, ìkan tí ń bẹ nínú ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí a ń fi sínú ohun mímu àti oògùn. Ṣùgbọ́n kí èbu náà tó lè jẹ ọ̀dùnkún yìí dáradára, ẹ́ńsáímù ni wọ́n kọ́kọ́ fi tú sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà. Ibi gbogbo ni a ti ń bá ẹ́ńsáímù pàdé.

A ń bá a pàdé nínú ilé pẹ̀lú. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ. Òun ni ó ń jẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ àti ti ọbẹ̀. Oníbúrẹ́dì ń lò ó, ẹni tí ń fún omi èso sínú páálí ń lò ó kí omi náà lè mọ́. Àwọn obìnrin Fúlàní tí ń ṣe wàrà a máa fi omi ewé bọ̀mùbọmù mú wàrà dì, ẹ́ńsáímù ni ó wà nínú ewé náà. Ní ìlú òyìnbó, láti inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú tiwọn tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lónìí a ti kọ́ èbu dúdú yẹn kan náà láti máa ṣe é nínú àgbá. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkà báálì tí a ti hù wọ ilẹ̀ yìí ní ọdún 1988, tí àwọn ilé iṣẹ́ bíà fi ní láti lo ọkà bàbà àti àgbàdo, ẹ́ńsáímù láti òkè òkun ni wọ́n rà láti fi tú ọkà bàbà náà. N kò fi ọtí lọ ẹnikẹ́ni, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mẹ́nu kàn án kí a lè rí i pé nígbà tí a kọ ohun tí ilẹ̀ òkèèrè ń tà fún wa, a tún ní láti lọ ra ohun mìíràn ní ọwọ́ wọn, ohun tí èbu tí ń hù lórí èèpo wa lè ṣe.

Kí ni kò jẹ́ kí a máa ṣe é? Àgbá ni ìdáhùn, àti ọgbọ́n tí ń bẹ nínú àgbá.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ itọ́ èbu di òwò ńlá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Jokichi Takamine, ará Jàpáánì. Ní ọdún 1894 ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ́ńsáímù tí ó mú jáde láti ara èbu kóji, èyí tí àwọn ará Jàpáánì fi ń ṣe ọtí ìrẹsì, tí ó sì gbìn sórí èérí àlìkámà. Orí àwo ni ó ti ń hù ín, kì í ṣe inú omi. Àwo náà ni Alexander Fleming ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù September ọdún 1928, nígbà tí ó rí i pé èbu kan tí ó bọ́ sínú àwo rẹ̀ ti pa àwọn bakitéríà tí ó yí i ká. Láti ibẹ̀ ni pẹnisílíìnì ti wá. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá kí ó tó wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tí èbu náà ń mú jáde kéré púpọ̀. Ní Oxford, Florey, Chain àti Heatley sin èbu náà sínú oríṣiríṣi agolo àti ìkòkò, títí kan àwo ìyàgbẹ́ aláìsàn. Ní oṣù February ọdún 1941 wọ́n fún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, ní oògùn náà. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Oògùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n ń gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n ń yọ oògùn kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì tún ń fún un padà. Síbẹ̀ ó tán, ọkùnrin náà sì kú ní oṣù March. Kì í ṣe pé oògùn náà kò gbọ́. Kò tó ni.

Ní oṣù July ọdún náà, Florey àti Heatley wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì dé ìlú Peoria, níbi tí ìjọba ní ilé ìwádìí oko kan sí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹ kí gbogbo obìnrin tí ń ta ògì gbọ́. Agbègbè náà jẹ́ ilẹ̀ àgbàdo. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe sítáàṣì a máa rẹ àgbàdo sínú omi títí yóò fi rọ̀, omi ìrẹ náà a sì ṣẹ́kù fún wọn, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Àwọn onímọ̀ Peoria da omi yìí sínú oúnjẹ èbu, pẹnisílíìnì rẹ̀ sì di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Omidùn ni! Ẹ̀gbọ́n omidùn wa, ó kàn nípọn ju tiwa lọ. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1943, wọ́n rí èbu kan lára èso bàrà òyìnbó tí ó ti bàjẹ́ ní ọjà Peoria, èyí tí ó sàn ju ti Fleming lọ fíìfíì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ta ìtànṣán sí i lára, wọ́n sì yan àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó mú jáde jù, bí àgbẹ̀ ti ń yan irúgbìn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù March ọdún 1944, ilé iṣẹ́ Pfizer ní Brooklyn ṣí àgbá 14, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba gálọ́ọ̀nù 7,500. Èbu náà kò léfòó lójú omi mọ́, ìsàlẹ̀ omi ni ó ń gbé, tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Láàárín ọdún mẹ́ta sí ikú ọlọ́pàá yẹn, oògùn náà ti tó fún àwọn ọmọ ogun.

Àgbá irú èyí ni a ń pè ní bayoréátọ̀. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ìkòkò ńlá lásán ni. Èbu inú omi a máa ta okùn kiri títí gbogbo omi yóò fi nípọn bí ẹ̀kọ gbígbóná tí ó ń dì, afẹ́fẹ́ kò sì ní í lè la inú rẹ̀ kọjá mọ́. Èbu tí kò bá rí afẹ́fẹ́ yóò kú tàbí kí ó yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Bí a bá rò ó kíkankíkan kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, abẹ irin tí ń rò ó yóò já okùn rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí a kò bá sì rò ó tó, yóò ká ara rẹ̀ jọ di kókó, gẹ́gẹ́ bí àmàlà tí ọwọ́ kò gbó lé lórí, ẹ̀yìn kókó náà yóò máa jẹun, ebi yóò sì máa pa inú rẹ̀. Iṣẹ́ púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ kókó yìí nìkan: iye irúgbìn èbu tí a óò dà sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, bí omi náà yóò ti kan tó, irú abẹ tí yóò rò ó.

Ooru tún wà níbẹ̀. Èbu tí ń jẹun a máa gbóná, bí òkìtì èèpo ìyá àgbà yẹn ti ń gbóná nígbà tí mo fi ọwọ́ kàn án. Inú àgbá lítà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ooru náà lè pa á bí omi tútù kò bá yí àgbá ká tọ̀sán tòru. Ìfófòó wà. Bakitéríà kan ṣoṣo tí ó bá sì yọ́ wọlé, nítorí pé a kò fi oru omi gbígbóná wẹ àgbá dáradára, lè gba gbogbo ilé náà mọ́ onílé lọ́wọ́.

Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ ṣúgà. Ènìyàn lè rò pé bí a bá ti fún èbu ní ṣúgà tó ni yóò ti mú ẹ́ńsáímù jáde tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èbu kì í tutọ́ nígbà tí ṣúgà bá wà nílẹ̀. Ọmọ tí ó bá oúnjẹ nínú àwo, kí ni yóò tún wá dáná fún? Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni a ń bù ú fún un, tí ebi kò ní í pa á kú, tí kò sì ní í yó. Bákan náà, nígbà tí ẹ́ńsáímù tí a ń wá bá ti pọ̀ nínú omi, èbu kan náà lè tu ẹ́ńsáímù mìíràn tí ń jẹ amúaradàgbà jáde, a sì máa jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ run. Àwọn onímọ̀ ti mú èyí tí kò ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ jáde, nípa yíyàn àti nípa yíyí ohun tí ó jogún padà.

Bí wọ́n ti lọ jìnnà tó, ẹ wo Trichoderma reesei. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àgọ́ òwú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń jẹrà ní erékùṣù Solomon ní kíákíá. Wọ́n gbé èbu tí ń jẹ àgọ́ náà lọ sí ilé ìwádìí, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ti pa á. Elwyn Reese, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ èbu náà, àti Mary Mandels, rí i pé ẹ́ńsáímù rẹ̀ tú òwú àti igi di ṣúgà. Ọ̀tá di òṣìṣẹ́. Láti ara èbu àgọ́ kan ṣoṣo yẹn ni a ti ń yan ọmọ lé ọmọ títí di òní, a sì ti ròyìn èyí tí ń mú bí gíráàmù 100 amúaradàgbà jáde nínú lítà omi kan.

Ní ti jíjẹ, àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ta ẹran èbu láti ọdún 1985, tí wọ́n ń pè ní Quorn. Inú ilẹ̀ ìlú Marlow ni wọ́n ti rí Fusarium rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ẹ̀rù ń ba ayé pé oúnjẹ kò ní í kárí. Àgbá rẹ̀ gba lítà 150,000. Kò ní abẹ kankan nínú, afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé omi yí po, kí okùn má ba à já, nítorí okùn gígùn ni ó jẹ́ kí ó dà bí ẹran lẹ́nu. A gbọ́dọ̀ mú un gbóná kí ó tó di títà, láti dín ohun kan tí ń jẹ́ RNA kù nínú rẹ̀, èyí tí ó lè fa àrùn oríkèé bí ó bá pọ̀.

Ṣé a lè ní irú àgbá bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀? Ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ dúró fún wákàtí kan, nínú ìlú tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀! Ní èrò tèmi, ọ̀nà tí ó bá wa mu ju èyí lọ ni ti Takamine: orí àwo, lórí èèpo tí ó tutù díẹ̀ tí kì í ṣe inú omi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò gba omi púpọ̀, bakitéríà kì í sì í fẹ́ràn ibi gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni ooru, nítorí àárín òkìtì kì í tutù bọ̀rọ̀, àti pé ọwọ́ àwọn tí ó mọ irú èbu ni ó gbọ́dọ̀ wà.

Èyí ni ó mú mi dé ibi tí n kò gbọdọ̀ fi eré sọ. Èbu kò dọ́gba. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀pà tí a fi ṣe oúnjẹ wọn ni ó bu, èbu tí ń jẹ́ Aspergillus flavus sì ti fi májèlé sínú rẹ̀, èyí tí a pè ní aflatọ́síìnì. Májèlé yìí a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, a sì máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ó ń hù nínú ẹ̀pà wa, nínú àgbàdo wa, àti nínú gbodo tí kò gbẹ tán. Sísè kì í pa á tán, yíyan kì í pa á tán. Bí a bá sì fi ọ̀bẹ ha èbu kúrò lójú, májèlé ti lè wà nínú. Nítorí náà kí ìyá kankan má ṣe ka ìwé yìí kí ó wá sọ pé èbu ti di oúnjẹ. Èyí tí ó hù fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ nípa wíwò pẹ̀lú ojú lásán.

Mo padà lọ bá ìyá àgbà yẹn ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà. Mo sọ fún un pé kí ó má ṣe fún ewúrẹ́ ní èyí tí ó bu. Mo sọ ohun tí àwọn onímọ̀ IITA àti ti ilé ìwádìí ohun ọ̀sìn àgbáyé tí ń bẹ pẹ̀lú wọn ní Ìbàdàn ti ń ṣe láti bí ọdún 2015 fún un: kí a má ṣe jẹ́ kí èèpo sùn, kí a rin ín ní ọjọ́ náà gan-an pẹ̀lú ẹ̀rọ gàrí, kí a fún omi rẹ̀ jáde, kí a sá a títí yóò fi gbẹ, nínú èèpo tútù tọ́ọ̀nù 3, bí tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran ni a óò rí. Ó gbọ́ ọ títí, ó sì béèrè pé, “Tíṣà, ẹ̀rọ gàrí kan ṣoṣo ni àwa mẹ́sàn-án ń lò níbí. Ta ni yóò dúró ti èèpo nígbà tí ẹ̀gẹ́ ọjà kò tí ì kan ẹlòmíràn?” A jókòó, a ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá rin èèpo ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀gẹ́ gbogbo wọn bá tán, wákàtí kan yóò tó. Owó epo ẹ̀rọ ni ó kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́rin nínú wọn, lórí ẹní aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọ wa ní oko, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ń pẹ́ sí jù.